Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Àkókò Sẹ́yìn Kí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tó Gbéra, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Yanjú Ìṣòro Tó Bá Yọjú

Tí wọ́n bá fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí òfurufú, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn lọ. Ohùn kan á máa kà á: mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, títí dé òdo. Iná á là, èéfín á bo ilẹ̀, nǹkan ńlá náà á sì gbéra. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kíkà yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ "mẹ́wàá", àwọn tó ń ṣe é ti ń kà á bọ̀ láti bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ wa níléèwé máa ń béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ wa, àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà sì ń béèrè. Ìdí nìyí tí a fi kó ohun tó ṣe pàtàkì jọ síbí, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè rí i kà. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kano, ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa, torí ìlú tí ẹ ń gbé ní ìpín nínú ìtàn yìí.

KÍ NI KÍKÀ SẸ́YÌN YÌÍ GAN-AN?

Kíkà sẹ́yìn jẹ́ ìwé iṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ aago. Gbogbo iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló máa ṣe é, ìgbà wo ló máa ṣe é, kí ló gbọ́dọ̀ rí kó tó sọ pé ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ẹrù wé e. Kí tírélà tó kúrò ní Kano lọ sí Èkó, mẹkáníìkì á yẹ ẹ́ńjìnnì wò, àwọn alágbàáárù á so tapólì, dírẹ́bà á wo táyà, ẹlẹ́rù á ka iye àpò, ẹni tó ni ìwé ọkọ̀ á kó o jáde. Bí ẹnì kan bá fo tirẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti mọ̀. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ibi tó ti lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti tún nǹkan ṣe.

Inú fíìmù ni àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ mọ kíkà láti òkè wá sílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1929, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Fritz Lang ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Frau im Mond, tí wọ́n ti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí òṣùpá. Kí àwọn tó ń wò ó lè mọ ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbéra, ó ní kí wọ́n kà á wá sí òdo. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi, wọ́n rí i pé ọ̀nà yẹn dára.

Aago méjì ni wọ́n máa ń lò. Àkọ́kọ́ ni aago tí wọ́n ń fi lẹ́tà L pè. Aago ògiri lásán nìyẹn, kì í dúró. Ó kàn ń sọ iye wákàtí tó kù kí àkókò ìgbéra tó pé. Ìkejì ni aago T. Èyí ni aago iṣẹ́, wọ́n sì lè dá a dúró nígbàkigbà. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lórí aago T, ó lè jẹ́ pé ó ṣì ku bíi wákàtí kan gbáko kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ti mọ̀ pé ìṣòro á yọjú, wọ́n sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn ìdádúró kan wà tí wọ́n ti kọ sínú ìwé iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, wọ́n á kàn fi sinmi, wọ́n á tún yẹ nǹkan wò. Bí nǹkan kan bá ti fà sẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti lé e bá.

TA LÓ Ń DARÍ RẸ̀?

Ní Amẹ́ríkà, Kennedy Space Center ní ìpínlẹ̀ Florida ni ibùdó tó lókìkí jù. Yàrá ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń jókòó sí níwájú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Apollo 11 fẹ́ lọ sí òṣùpá ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1969, bí èèyàn 450 ló wà nínú yàrá yẹn, obìnrin kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn: JoAnn Morgan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022 tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Artemis I lọ, obìnrin ni olùdarí ìgbéra fúnra rẹ̀: Charlie Blackwell-Thompson, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jókòó sí àga yẹn.

Kì í ṣe olùdarí ló mọ gbogbo nǹkan. Ẹnì kan ń ṣọ́ epo, ẹlòmíràn ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹlòmíràn kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ojú ọjọ́, ẹlòmíràn ààbò àwọn tó ń gbé nítòsí. Kí wọ́n tó wọ ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, wọ́n á pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan: "Ṣé kí á lọ?" Kálukú á dáhùn "Lọ" tàbí "Má lọ". Ẹnì kan ṣoṣo tó bá sọ pé "Má lọ" ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró. Wọn kì í fi ìbò pọ̀-jù-lọ ṣe é. Bí ogún èèyàn bá ní kó lọ, tí ẹnì kan tó ń ṣọ́ epo ní kó má lọ, kò ní lọ nìyẹn, àfi tí wọ́n bá yanjú ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra tán, iṣẹ́ àwọn Florida parí. Àwọn tó wà ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn.

BÍ WÁKÀTÍ ṢE Ń TẸ̀LÉ ARA WỌN

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ Space Shuttle tí Amẹ́ríkà lò láti 1981 sí 2011 ṣàpẹẹrẹ, torí ètò tirẹ̀ yéni.

Wákàtí 43 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà lórí aago T. Tí ẹ bá ro àwọn ìdádúró pọ̀ mọ́ ọn, bí ọjọ́ mẹ́ta ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, wọ́n á tan àwọn ẹ̀rọ, wọ́n á yẹ wọ́n wò, wọ́n á sì kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nítòsí.

Nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́fà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo sí àgbá ńlá náà. Bíi mílíọ̀nù méjì lítà ló ń gbà. Epo yìí kì í ṣe pẹtiróòlù o. Háídírójìn àti ọ́ksíjìn ni, tí wọ́n fi òtútù sọ di omi. Òtútù háídírójìn jìn tó 253 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti ọ́ksíjìn sì jẹ́ 183 nísàlẹ̀ òdo. Irin fúnra rẹ̀ máa ń sún kì nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú jíjò epo ti ń wá.

Nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́ta, àwọn arìnrìn-àjò òfurufú á wọlé, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà nígbà tó bá ku 20 ìṣẹ́jú. Èyí tó gùn jù níparí wà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án; ibẹ̀ ni olùdarí ti máa ń bi kálukú bóyá kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà ilẹ̀ ló ń darí. Tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 31, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á gbà á. Tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 6.6, àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá mẹ́ta á bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kódà nígbà tí iná ti là yẹn, wọ́n ṣì lè dúró. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ẹ́ńjìnnì Shuttle jó tán, tí kọ̀ǹpútà rí i pé nǹkan kan kò pé, tó sì pa á kí aago tó kan òdo. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, èyí tó kẹ́yìn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1994. Kò sí ẹnì kankan tó fara pa. Ṣùgbọ́n tí òdo bá pé, tí àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gba iná, kò sí ohun tó lè pa ìyẹn mọ́. Ó di dandan kó lọ.

ÌṢÒRO TÓ MÁA Ń YỌJÚ ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń YANJÚ RẸ̀

Ojú ọjọ́. Òjò, afẹ́fẹ́ líle, òtútù àti pàápàá mànàmáná ni wọ́n ń ṣọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, Apollo 12 gbéra nínú òjò, mànàmáná sì kọ lù ú lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ìṣẹ́jú kan tó gbéra. Iná inú ọkọ̀ bà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i tún ṣe, wọ́n sì dé òṣùpá. Látìgbà náà ni òfin mànàmáná ti le sí i. Nígbà tó kan Apollo 14 ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1971, wọ́n dúró fún 40 ìṣẹ́jú kí ìkuukùu tó kọjá.

Jíjò epo. Nígbà tí wọ́n ń ka ti Apollo 11, fáàfù háídírójìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì láti lọ fún àwọn bóòtù ibẹ̀ le. Irú nǹkan yìí kan náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 53, lórí Artemis I, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1981, Shuttle àkọ́kọ́ fẹ́ gbéra. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ìkarùn-ún sì wà ní ìmúrasílẹ̀. Ìkarùn-ún yìí kò bá àwọn mẹ́rin tó kù rìn pọ̀. Àkókò wọn fi ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ síra. Bóyá ẹlòmíràn á ní, kí ni ìyẹn já mọ́? Wọ́n fagi lé e lọ́jọ́ náà, wọ́n rí ìdí rẹ̀, ó sì gbéra ní ọjọ́ 12.

Ẹ̀rọ tó ń kà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 30 kí Apollo 17 gbéra ni ẹ̀rọ tó ń darí kíkà dá a dúró. Ẹ̀rọ náà gbàgbé láti pàṣẹ kí wọ́n fún àgbá ọ́ksíjìn kan ní agbára. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é, ó sì kọ̀ láti tẹ̀síwájú. Wọ́n wá ọgbọ́n bí wọ́n ṣe máa fi wáyà fo ibẹ̀. Wọn ò kàn fò ó lásán: àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama kọ́kọ́ dán an wò kí wọ́n tó gbà. Wákàtí méjì àti 40 ìṣẹ́jú ló gbà wọ́n, lẹ́yìn náà ọkọ̀ lọ sí òṣùpá láìséwu.

ARTEMIS I: BÍ WỌ́N ṢE DÚRÓ TÍTÍ Ó FI YẸ

Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí níbì kan, kó wo Artemis I ní ọdún 2022. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ni.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ohun tó ń wọn òtútù sọ pé ẹ́ńjìnnì kẹta kò tutù tó. Àkókò tán, wọ́n fagi lé e. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń wọ̀n ọ́n ló ń parọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, háídírójìn ń jò níbi tí páìpù ńlá ti so mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú kó lè dì, kò dì. Wọ́n tún fagi lé e. Ní òpin oṣù yẹn, ìjì líle Ian ń bọ̀, wọ́n sì ní láti wọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà padà sínú ilé.

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, háídírójìn tún jò níbi fáàfù kan ní ìsàlẹ̀ pèpéle. Wọ́n rán èèyàn mẹ́ta lọ sídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí epo ti kún inú rẹ̀, kí wọ́n lọ fún nọ́ọ̀tì fáàfù náà le. Àwọn yẹn mọ ohun tó wà lókè orí wọn. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì padà láyọ̀. Kò tíì pẹ́ ni rédà ààbò dákẹ́, torí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kan bà jẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú 47 ni Artemis I gbéra, ó yí òṣùpá po, ó sì padà wálé.

ÌGBÀ TÍ WỌN KÒ DÚRÓ

A kò lè sọ èyí tó dáa nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1967, ìdánwò kíkà lásán ni wọ́n ń ṣe fún Apollo 1. Kò sí epo nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti dá aago dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò já gaara. Iná ṣẹ́ nínú ọkọ̀, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, Gus Grissom, Ed White àti Roger Chaffee, sì kú. Nítorí pé wọ́n rò pé ìdánwò tí kò ní epo kò léwu, wọn kò múra sílẹ̀ fún iná.

Èkejì ni Challenger, ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1986. Òtútù mú gan-an ní Florida lóru yẹn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Morton Thiokol, ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́, sọ ní alẹ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n má gbéra nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 12 Celsius lọ, torí rọ́bà tó dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ lè le kó má dì mọ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn NASA takò ó, àwọn ọ̀gá yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n gbéra lárọ̀ọ́ ọjọ́ kejì nígbà tí ojú ọjọ́ kò ju ìwọ̀n bíi 2 lọ. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 73 lọ tí ọkọ̀ fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, gbogbo àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì lọ. Ẹ wò ó, ẹni tó mọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dé etí ẹni tó ń pe "Lọ" bó ṣe yẹ kó dé.

Nínú ẹgbẹ́ wa náà, nígbà tí ẹnì kan bá dìde pé ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, à máa sọ pé ó fẹ́ da ilé rú. Ẹ jẹ́ ká máa kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí.

ÌPÍN KANO ÀTI TI NÀÌJÍRÍÀ

Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn lọ sí òfurufú, wọ́n kọ́ ibùdó yí ayé ká kí wọ́n lè máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ bó ti ń kọjá lókè. Ọ̀kan wà ní Kano, ọ̀kan ní Zanzibar. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Florida, àwọn ibùdó wọ̀nyí náà ní láti yẹ ẹ̀rọ wọn wò, kí wọ́n sì jíṣẹ́ pé àwọn ti ṣetán.

John Glenn ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó yí ayé po. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1962, ó dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìkuukùu kò sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìṣẹ́jú 29 péré ló kù kí wọ́n tó fagi lé e. Lẹ́yìn náà epo jò. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kejì, bóòtù kan ṣẹ́ nínú 70 tó di ilẹ̀kùn mú. Bóòtù kan péré! Wọ́n tú ilẹ̀kùn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fáàfù kan tún há, iná kọ̀ǹpútà ní Bermuda tún lọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yanjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbéra ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 47.

Nígbà tí Glenn dé òkè Kano, ó ní eruku ńlá lòun ń rí nísàlẹ̀. Àwọn ibùdó Kano dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gan-an láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù Kejì ni. Ẹni tó bá ń gbé Kano mọ irú eruku yẹn.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò tíì ní ibùdó tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé sátẹ́láìtì gbéra láti ibẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ka tiwa. NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. NigComSat-1 gbéra láti Xichang ní Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ó bà jẹ́ lójú òfurufú ní 2008, wọ́n sì fi NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011 kan náà, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X jọ gbéra láti Yasny ní Rọ́ṣíà.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ẹ Ó MÁA GBỌ́

"T-minus": iye àkókò tó kù lórí aago iṣẹ́.
"Hold": wọ́n ti dá aago iṣẹ́ dúró. Kò túmọ̀ sí pé nǹkan ti bà jẹ́. Ó lè wà nínú ètò tẹ́lẹ̀.
"Window": àsìkò tí wọ́n lè gbéra kí wọ́n sì bá ibi tí wọ́n ń lọ. Ó lè tó wákàtí méjì, ó sì lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.
"Scrub": wọ́n ti fagi lé e lónìí, ó di ọjọ́ mìíràn.
"Go" àti "No-go": ìdáhùn ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.
"Lift-off": rọ́kẹ́ẹ̀tì ti fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń bá àwọn ọmọ wò ó nígbà mìíràn, tí wọ́n bá sọ pé wọ́n ti fagi lé e, ẹ má bínú pa ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnì kan rí nǹkan, ó sì sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la, àwọn tó máa wọ̀ ọ́ náà á sì wà.